Pákó Tí Ọbẹ̀ Ò Ní Dà Lórí Ẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ùsámà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé Ìgbògbò, gbé ìṣaasùn ọbẹ̀ dání wọ ìsọ̀ Abọ́dúnrìn ní ọjà Benson. Ọjà tòkunbọ̀ ni Abọ́dúnrìn ń tà: fáànù, búlẹ́ńdà, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àti pákó onítáyà mẹ́rin tí àwọn ọmọ olówó máa ń dúró lé sáré. Ó wọ ṣòkòtò funfun báláú nínú gbogbo eruku yẹn, bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Káàsán. Mi ò ra oúnjẹ o."

"Èmi náà ò tà á. Pákó onítáyà yẹn ni mo wá rà."

"Síkéètì."

"Òun."

"Ẹni tó máa gùn ún dà?"

"Èmi nìyí."

Abọ́dúnrìn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo sílípáàsì tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ìṣaasùn. Ó fi imú rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ. Ó dáa. Ti fífò lo fẹ́ ni, àbí ti yíyọ̀?"

"Èyí tí ọbẹ̀ ò ní dà lórí ẹ̀ ni mo fẹ́."

"Kò sírú ẹ̀. Tẹ́tí, àbúrò. Mo ti wà nídìí ọjà yìí kó o tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Gbogbo ayé ló ti pín pákó yìí sí méjì. Ti fífò wà, ti yíyọ̀ wà. Wọn ò pín ti ọbẹ̀."

"Wọn ò tíì pín in tán nìyẹn."

Ùsámà rọra gbé ìṣaasùn lé orí fíríìjì kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́nu ìsọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí tó fi dá a lójú pé fíríìjì náà ò ní dìde. Abọ́dúnrìn ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gbé òkúta lọ ta ní báńkì.

"Ibo lò ń gbé ọbẹ̀ lọ tó fi fẹ́ gun síkéètì?"

"Inú ẹ́sítéètì tó wà létí ọ̀sà. Alhaja Mùsílímátù ló ń sè é ní Ìgbògbò, èmi ni mò ń gbé e lọ fún Baba Waliyah. Gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán."

"Gbé e lórí ọ̀kadà."

"Wọ́n ti lé ọ̀kadà níbẹ̀. Wọ́n lé Márúwá náà. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ń pariwo ò gbọdọ̀ kọjá géètì."

"Jẹnẹrétọ̀ wọn ńkọ́?"

"Inú ilé nìyẹn ti ń pariwo. Kì í kọjá géètì."

"Fẹsẹ̀ rìn nígbà náà. Ṣebí Ọlọ́run fún ẹ lẹ́sẹ̀."

"Mo rìn ín. Ilé Baba Waliyah ló kẹ́yìn pátápátá. Kí n tó débẹ̀, epo ti dì sójú ọbẹ̀. Ó ní òun ò lè ra ọbẹ̀ kí òun tún wá máa dáná. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sáré."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ó dà."

"Ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere rèé. Ọmọ Jámánì ló gùn ún kẹ́yìn."

"Kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Ìṣaasùn ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Méjì péré ni mo ní."

Abọ́dúnrìn fi ojú ka ọwọ́ ọmọkùnrin náà, bí ẹni pé irọ́ lè wà níbẹ̀.

"Ta ní kó o fi ìṣaasùn gbé e? Dà á sínú kúlà. Kó o pọ̀n ọ́n."

"Kò ní jẹ ẹ́."

"Ta ni ò ní jẹ ẹ́?"

"Baba Waliyah. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Inú ìṣaasùn tí ẹja bá ti jinná, inú ẹ̀ náà ni wọ́n gbọdọ̀ gbé e síwájú ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣí i. Bó bá ṣí i tí ooru ẹ̀ ò kọ lù ú lójú, á dé e padà. Á ní ká gbé e fún àwọn aláìsàn."

"Ẹ wo ayé. Ó lówó kọ́lé sí ẹ́sítéètì, kò lówó abọ́."

"Ó lábọ́. Àwọn àlejò ló ń fi jẹun."

"Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ yìí. Ẹ bá ẹja gbé títí ẹ fi ń jowú ẹ̀."

Ùsámà yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ti ń wo àwọn pákó tí wọ́n tò sára ògiri. Ẹnu Abọ́dúnrìn ò jọ ẹnu tí wọ́n ń dá dúró, bó bá ṣe fẹ́ á kọjá lọ fúnra ẹ̀.

"O wá rò pé orí síkéètì lo máa dúró lé," Abọ́dúnrìn tún bẹ̀rẹ̀, "ìṣaasùn gbígbóná lọ́wọ́, kó o máa yọ̀ lọ bí ọmọ òyìnbó."

"Mo rí àwọn ọmọ ẹ́sítéètì tó ń ṣe é. Wọ́n á dúró lé e, wọ́n á máa tẹ fóònù, wọ́n á máa lá áísìkiriìmù. Kì í kán sílẹ̀."

"Áísìkiriìmù ti dì."

"Ẹni tó ń lá a ò dì."

Abọ́dúnrìn gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò funfun ẹ̀. Ó fọwọ́ nu ẹnu.

"Kí ló tiẹ̀ kàn ẹ́? Bó bá dà, ṣebí ọbẹ̀ ni. Wọ́n á se òmíràn."

"Alhaja ní bó bá tún dà lọ́la, kí n di ẹrù mi, kí n máa lọ sí Ẹ̀pẹ́."

"Kí ló burú ní Ẹ̀pẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bi mí pé kí ni mo fi iṣẹ́ Kabir ṣe."

"Ta ni Kabir?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ọbẹ̀ ò dà lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

"Ó tán nìyẹn. Pè é kó wá kọ́ ẹ."

"A ti sin ín."

Abọ́dúnrìn ṣí fìlà, ó tún dé e. Ó wo fáànù kan tí kò yí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni. Ó dùbúlẹ̀, a rò pé ó ń sinmi."

"Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ."

"Àmín."

Abọ́dúnrìn tẹrí ba bí ẹni tí kò ní í tajà mọ́ láyé. Kò pẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára, àbúrò. Wọ̀ mí lára gan-an ni. Pákó tó wọ́n jù nínú ìsọ̀ yìí ni mo máa tà fún ẹ."

Ó fa ọ̀kan yọ lára ògiri. Pákó náà kúrú, orí àti ìdí ẹ̀ ká sókè, wọ́n ya agbárí òkú eléyín wúrà sí i lábẹ́. Táyà ẹ̀ kéré bíi ìdérí ìgò.

"Èyí ni ọba wọn. Wọ́n fi ń fò kọjá àtẹ̀gùn."

"Kò sí àtẹ̀gùn lọ́nà mi."

"Ẹni tó bá lè fò ni yóò mọ̀ bó ṣe ń yọ̀. Gbà."

Iwájú ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ni Ùsámà gbé e lọ, torí pé bíríkì íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bíi ti ẹ́sítéètì gẹ́lẹ́. Ilé epo náà ò lépo, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀. Ó gbé ìṣaasùn lé orí pákó, ó fi ìka méjì tì í síwájú.

Pákó náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kàrà kàrà kàrà. Ìdérí ìṣaasùn ń jó. Ọbẹ̀ yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàn wá sílẹ̀.

Imú Abọ́dúnrìn gbọ́ ọ kí ojú ẹ̀ tó rí i.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ọbẹ̀ àná ni. Ó ti kan. Alhaja ní kí n máa fi kọ́ṣẹ́."

"O gbé ọbẹ̀ tó kan wá sí ìsọ̀ mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé èyí tó dáa wá dà nù ni?"

Abọ́dúnrìn fa ṣòkòtò funfun ẹ̀ sókè, ó sún sẹ́yìn.

"Ilẹ̀ yìí ni ò dáa. Pákó yẹn dáa."

"Bí ilẹ̀ ẹ́sítéètì ṣe rí náà nìyí."

"Kí wọ́n lọ tún un tẹ́."

"Táyà ẹ̀ ló le, ẹ̀gbọ́n. Ó le bíi kóró àgbálùmọ̀. Gbogbo ojú ilẹ̀ tó bá ti kọjá ló ń kà sókè."

"Ìwọ tó o dé láàárọ̀ yìí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní táyà."

"Ọ̀sán ni mo dé."

Abọ́dúnrìn wọlé, ó gbé èkejì jáde. Eléyìí gùn bí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó tín-ín-rín láàárín. Ó dúró lé e lórí ní ẹnu ìsọ̀ níbi tí kò lè lọ síbì kankan, ó ń mì í sókè sílẹ̀.

"Wò ó. Ṣé o rí i bó ṣe ń tẹ̀? Bó bá já sí kòtò, pákó náà á gbé kòtò náà mì. Ara ẹ ò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni."

"Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi pákó tó bá ń tẹ̀ kan ọkọ̀."

"Ṣé ojú omi lo fẹ́ gbà lọ?"

"Omi ló wà nínú ìṣaasùn."

Ó tún gbé ìṣaasùn lé e, ó tún tì í. Ariwo dínkù. Ṣùgbọ́n pákó náà ń tẹ̀, ó ń nà, ìṣaasùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí pákó ti dúró, ọbẹ̀ ò tíì dúró. Ó ru jáde lábẹ́ ìdérí, ó kán sí íńtálọ́ọ̀kì.

"Ó gbé kòtò náà mì lóòótọ́," Ùsámà wí. "Ó tún pọ̀ ọ́ jáde."

"O ti kún ìṣaasùn yẹn jù."

"Bí Alhaja ṣe ń kún un nìyẹn. Baba Waliyah ń fi ojú wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀yin àti Baba Waliyah yìí. Ṣé ọba ni?"

"Oníbàárà ni. Bí èmi."

Abọ́dúnrìn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìyẹn. Ùsámà kọjá lára ẹ̀, ó wọ inú ìsọ̀, ó tẹ̀ ba lẹ́yìn àwọn páálí búlẹ́ńdà. Táyà kan yọjú níbẹ̀. Ó fà á. Pákó ni, kò gùn ju apá méjì lọ, eruku ti bò ó, kò ní àwòrán kankan. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀ tóbi bí ọsàn, ó sì sanra.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Abọ́dúnrìn wí. "Àwọn ìyá àgbà òyìnbó ló ń fi ìyẹn lọ ra búrẹ́dì."

Ùsámà fi èékánná tẹ táyà náà. Èékánná wọlé díẹ̀. Ó tẹ pákó fúnra ẹ̀, kò tẹ̀.

"Ó rọ̀ nísàlẹ̀, ó le lókè."

"Kò sí ẹni tó ń rà á. Ojú ń tini láti dúró lé e. Ọ̀dọ́ bíi tìẹ."

"Ojú tì mí nígbà tí ọbẹ̀ dà sí ẹnu ọ̀nà Baba Waliyah. Kò ku ojú kankan tó lè tì mí mọ́."

Ó gbé ìṣaasùn lé e, ó tì í. Kò sí ariwo. Íńtálọ́ọ̀kì tí pákó àkọ́kọ́ ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, eléyìí gorí ẹ̀ kọjá bí ẹni ń gorí ẹní. Ìdérí ò mira. Ùsámà mí kanlẹ̀. Àfi ìgbà tí pákó náà dédé yà sọ́tùn-ún, ó tún yà sósì, ó ń rìn bí ẹni tó mu ògógóró. Ó yára gbá ìṣaasùn mú.

"Mo sọ fún ẹ," Abọ́dúnrìn wí, inú ẹ̀ dùn. "Mo sọ fún ẹ."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Irin abẹ́ ẹ̀ ló dẹ̀. Bó o bá fẹ́ máa yà kiri, dẹ̀ ẹ́. Bó o bá fẹ́ máa lọ tààrà, fún un. Ọmọ jẹ́léósinmi mọ ìyẹn."

Ó mú sípánà, ó dojú pákó dé, ó fún nọ́ọ̀tì iwájú, ó fún ti ẹ̀yìn. Ó yí táyà wò, ó ń fetí sí i bíi dókítà.

"Bẹ́rìn inú táyà ṣì dáa. Má fi gírísì sí i, yóò kó eruku."

"Epo pupa ńkọ́?"

"Epo pupa. Sínú bẹ́rìn." Abọ́dúnrìn gbé sípánà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí, bí wọ́n bá fún ẹ ní bàlúù, ẹ̀gúsí lo máa fi wà á."

Ó gbé pákó náà lé ilẹ̀, ó fẹsẹ̀ tì í, ó lọ tààrà. Ó lọ gbé e, ó nà án sí Ùsámà.

"Ó ti parí. Òun gan-an ni mo ti ní lọ́kàn fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀. Gbé owó wá."

"Ẹ gùn ún kí n rí i ná."

"Kí n kí ni?"

"Kí ẹ gùn ún. Ẹ kì í ta fáànù láìtàn án. Ẹ kì í ta búlẹ́ńdà láìlọ nǹkan sínú ẹ̀. Gbogbo Benson ló ń dán tòkunbọ̀ wò lójú ẹni tó fẹ́ rà á."

"Ìyẹn fún ohun tó ń lo iná."

"Ẹsẹ̀ ni eléyìí ń lò. Ẹ lẹ́sẹ̀."

"Mo ti gùn ún títí ó ti sú mi."

"Níbo?"

"Kútọnù."

"Íńtálọ́ọ̀kì wà ní Kútọnù?"

"Kò sí ohun tí kò sí ní Kútọnù. Àbúrò, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bàtà tí mo wọ̀ yìí náà ò dáa fún un, bàtà ìjókòó ni."

Ùsámà tẹ̀ ba, ó gbé ìṣaasùn ẹ̀.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Ọláwùmí, lódìkejì títì. Òun náà ní pákó. Alhaja ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹ̀, ó sùn lé e kó tó gbowó."

"Ọláwùmí." Abọ́dúnrìn tutọ́ sílẹ̀. "Ọláwùmí tí kò mọ táyà yàtọ̀ sí búọ̀nsì tí wọ́n ń dín. Ó sùn nítorí pé ọ̀lẹ ni. Gbé ìṣaasùn yẹn sílẹ̀, kó o wá wo iṣẹ́."

"Ẹ ò ní í gùn ún láìgbé ìṣaasùn. Láìgbé e, èmi náà lè gùn ún."

Wọ́n wo ara wọn. Abọ́dúnrìn wo ọ̀nà ìsọ̀ Ọláwùmí. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun sókè dé orúnkún, ó na ọwọ́ síwájú. Ùsámà gbé ìṣaasùn lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

"Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí. Bí Kabir ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Má kọ́ mi ní ìṣaasùn gbígbé."

Ẹsẹ̀ kan gun pákó. Ẹsẹ̀ kejì rò ó wò, òun náà gùn ún. Ibẹ̀ ni Abọ́dúnrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé iwájú ilé epo náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí àwọn kan da iyanrìn bíríkì sí. Táyà ti rí i ṣáájú ẹ̀.

Ó lọ geere.

"Ṣé o rí i?" Abọ́dúnrìn wí, ó dúró ṣánṣán, ìṣaasùn níwájú àyà. "Ohun tí mo ń sọ nìyí. Táyà ńlá, táyà tó rọ̀. Pákó tí kò tẹ̀. Irin tó fún. Ṣé o gbọ́ ariwo kankan?"

"Rárá o."

"Ṣé ìdérí mira?"

"Kò mira."

Ó kọjá ẹ̀rọ epo àkọ́kọ́. Ó kọjá ìkejì, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ùsámà ń rìn lẹ́yìn ẹ̀, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ìṣaasùn. Ó dùn ún wò. Ẹni tí kò bá wo ojú Abọ́dúnrìn á rò pé ó mọ̀ ọ́n gùn.

"Ó ti tó báyìí," Abọ́dúnrìn wí. Ohùn ẹ̀ ti tín-ín-rín. "O ti rí i."

"Mo ti rí i."

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró?"

"Ẹ̀yin lẹ ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́."

"Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró."

"Bí wọ́n ṣe ń dá a dúró ní Kútọnù."

Pákó náà dé etí iyanrìn, ó dúró, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Abọ́dúnrìn ò dúró. Ó fò kọjá orí pákó, ó fi ìdí gúnlẹ̀ sínú òkìtì, ó wọ inú ẹ̀ dé ìgbáròkó. Fìlà lọ síwájú. Bàtà kan lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì nìkan ló kù lókè, ó dúró gbọn-in, ìṣaasùn lórí ẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọbẹ̀ tó kan yẹn ni àkọ́kọ́.

Ùsámà ò sáré. Ó rìn dé ibẹ̀, ó gba ìṣaasùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu abẹ́ ẹ̀. Ó gbẹ.

"Fà mí dìde," Abọ́dúnrìn wí.

Ùsámà ṣí ìdérí. Ó yẹ etí ìṣaasùn wò yíká. Epo wà níbi tó wà.

"Ìdí mi, àbúrò. Ẹsẹ̀ mi."

"Kò dà," Ùsámà wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún.

"Mo ní ẹsẹ̀ mi."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ dà, ọbẹ̀ ò dà." Ó dé ìdérí padà. "Ẹ bá mi di pákó náà."